Ọkọ̀ ìjàpá tó dípẹtà nílùú Ìbàdàn: ibi tí omi gbà wọlé

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, Volkswagen 1300 ni, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Ọdún 1972 ni wọ́n rà á, ọdún tí Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀ tó bọ́ sí apá ọ̀tún, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin. Olùkọ́ àgbà tó rà á ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ó sì ṣì máa ń sọ bí ẹ̀rù ṣe ń ba àwọn awakọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, tí oníkálukú ń wo ẹnìkejì rẹ̀ níkòríta bóyá ó ti gbọ́ ìròyìn.

Bàbá kò tà á. Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n tì í lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní bí owó bá wọlé àwọn yóò tún un ṣe. Owó wọlé, owó jáde, ọkọ̀ kò kúrò níbẹ̀. Adìyẹ yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin joro, ìdí ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìgbà tí àbíkẹ́yìn bàbá, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ ló ní òun fẹ́ jí i dìde. Ó ní ilé làwọn yóò ti ṣe é, nítorí ó ti rí ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn tó wọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù odidi tó jáde láìní gíláàsì. Mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Iṣẹ́ bọ́dì ọkọ̀ ni èmi ń ṣe, mo sì ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Àárín iṣẹ́ ni wọ́n pè mí sí i, nígbà tí nǹkan ti wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó dé, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì rí àwòrán tí ọmọ bàbá ń yà sínú fóònù rẹ̀. Àwọn àwòrán yẹn wúlò fún wa ju ìtàn ẹnu lọ.

Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n wá bàbá mẹkáníìkì kan tó ti mọ ìjàpá láti ìgbà tó wà lọ́mọ iṣẹ́, láyé ìgbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí pọ̀ fún wa, ní 1975. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bátìrì yí i lójú ẹsẹ̀. Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì ó fi sípánà sórí nọ́ọ̀tì dínámò, ó rọra yí i. Ó yí. Ó fọ kábúrétọ̀, ó pààrọ̀ pọ́íńtì tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, ó fún un ní àyè 0.4 mílímítà, ó tún fáàfù tò sí 0.15 nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó sì ń kìlọ̀ fún wọn pé ti sílíńdà kẹta ló máa ń jó jù, nítorí kì í rí atẹ́gùn tó. Táǹkì tó wà níwájú, ẹ̀gbin ló kún inú rẹ̀, nítorí náà jálá kékeré kan ni wọ́n gbé sókè tí wọ́n fi rọ́bà fa epo bẹntiróò wá. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Èéfín bo igi máńgòrò, àwọn ará ilé pariwo, bàbá bú sẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ti rí i lára ọkọ̀ tó pọ̀. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá, nǹkan tó rọrùn ni. Kò ní rédíétọ̀, kò ní omi, nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíá. Bó bá ti dáhùn, onílé á rò pé ìdajì iṣẹ́ ti parí, kò ní lè ní sùúrù mọ́. Ọmọ bàbá ra bátìrì tuntun, ó gbé e sí àyè rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Àyè yẹn ti jẹ tán, omi ásíìdì bátìrì àtijọ́ ti bá omi òjò ṣe é. Wọ́n bá fi pákó tẹ́ ẹ. Wọ́n wa ọkọ̀ náà yíká ọgbà láìní kílọ́ọ̀ṣì, pákó yẹ̀, bátìrì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gún irin ìjókòó sì kan orí bátìrì. Kí wọ́n tó mọ̀, timutimu ti ń rú èéfín. Omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ̀ ni wọ́n fi pa á.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìjókòó jáde, tí wọ́n sì yọ kápẹ́ẹ̀tì kúrò, wọ́n rí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé gbangba láti inú ọkọ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ náà, ihò tó gba àtẹ́lẹsẹ̀ ni. Ẹnìkan ti fi gálífánáísì tẹ́ ẹ nígbà kan, ó fi ọ̀dà kóótà kùn ún láti ìsàlẹ̀. Omi wà láàárín méjèèjì, kò rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ bàbá mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lára fíríìjì, ó ń fi kan bọ́dì. Lórí rúùfù, ó lẹ̀. Lórí mọ́gáàdì, ó lẹ̀ níbì kan, ó já bọ́ níbòmíràn. Lórí irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, kò lẹ̀ rárá. Pọ́tì lásán ni, èyí tí a fi ń dí ihò bọ́dì kí á tó kun ọ̀dà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irin abẹ́ ilẹ̀kùn yìí, torí òun ni ọkàn ọ̀rọ̀. Lára ìjàpá, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dá dúró, bọ́dì dá dúró. Irin kan wà láàárín ìsàlẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, irin pẹlẹbẹ sì wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé. Bọ́dì wá jókòó lórí gbogbo rẹ̀, bólùtì ló so wọ́n pọ̀ yíká, rọ́bà sì wà láàárín wọn. Ibi tí bólùtì wọ̀ lára bọ́dì ni àpótí irin gígùn yìí, tó ní ihò nínú. Àwọn Jámánì ń gba inú rẹ̀ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ránṣẹ́ láti ẹ̀yìn sí iwájú nítorí òtútù. Àwa ò nílò afẹ́fẹ́ gbígbóná, torí náà ọ̀pọ̀ èèyàn níbí rò pé àpótí náà kò wúlò. Òun ló sì di àyè ilẹ̀kùn mú. Inú ló ti máa ń jẹ bọ̀ síta. Nígbà tí ọ̀dà bá fi máa wú lójú rẹ̀, inú ti tán.

Pánẹ́ẹ̀lì-bítà tí wọ́n kọ́kọ́ pè, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lágbára ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó rí i pé pọ́tì ni, ó ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ dànù, èyí tó tọ̀nà. Àmọ́ ó gbé iwájú ọkọ̀ lé búlọ́ọ̀kù, ó gbé ẹ̀yìn lé búlọ́ọ̀kù, kò fi nǹkan kan ti àárín, ó sì gé àpótí apá ọ̀tún àti ti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò fi irin de àyè ilẹ̀kùn. Ó jó irin tuntun mọ́ ọn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kò wọlé. Èyí tí wọ́n fi agbára tì, kò ṣí mọ́.

Ó ní, “Bàbá, ó dà bíi pé ilẹ̀kùn ló wú, sà.”

Bàbá wò ó. “Ṣé gàrí ni?”

Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí. Kò sóhun tó ṣe ilẹ̀kùn. Àárín ọkọ̀ ló ti rẹlẹ̀: nígbà tí wọ́n gé àpótí méjèèjì, kò sí ohun tó gbé àárín mọ́, ó tẹ̀ sísàlẹ̀, òpó iwájú àti òpó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn súnmọ́ra lókè, wọ́n fún ilẹ̀kùn mọ́ra. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà wá jó irin tuntun mọ́ ọn bó ṣe tẹ̀ yẹn, ó fi iná sọ wíwọ́ di títí láé. Ọ̀rọ̀ wíwú tó sọ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ ìpẹtà fúnra rẹ̀ máa ń wú lóòótọ́. Àyè tó ń gbà ju ti irin tó ti ara rẹ̀ wá lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ibi tí irin méjì bá ti pàdé fi máa ń là bí ìpẹtà bá ti wọ àárín wọn, bí ẹ tilẹ̀ fi ọ̀dà ọ̀wọ́n kùn ún.

Mo bi ọmọ bàbá bóyá ó fẹ́ kí á tẹ̀síwájú, torí ohun tó kù ju ohun tí wọ́n ti ṣe lọ, owó rẹ̀ sì ju owó ẹ́ńjìnnì lọ dáadáa. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá ní kí á tẹ̀síwájú. Mo ní kí wọ́n má lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kó dúró kó rí i.

A gé ohun tó jó. A tú ilẹ̀kùn sílẹ̀, a gbé jáàkì méjì sábẹ́ àárín lórí pákó tó nípọn, a ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ a ó dá ilẹ̀kùn padà sí híńjì rẹ̀, a ó tì í wò, a ó tún tú u. Mo ya páálí kan láti ara káátọ̀nù, ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ojú rẹ̀, mo ń fi wọ àyè tó yí ilẹ̀kùn ká. Níbi tó bá ti há, a ó tún gbé sókè. Ìgbà tí páálí yẹn rìn yíká láti híńjì dé kọ́kọ́rọ́ láìdúró, tí ìka kan sì tó láti ti ilẹ̀kùn, a mọ̀ pé a ti dé ibi tí Jámánì fi í sí. Kí á tó yọ ọwọ́ lára jáàkì, a ti jó páìpù mọ́ àyè ilẹ̀kùn: ọ̀kan lọ tààrà láti òpó dé òpó, ọ̀kan dábùú, òmíràn sì lọ láti apá ọ̀tún ọkọ̀ dé òsì. Lẹ́yìn èyí nìkan la tó fọwọ́ kan apá kan. Apá kejì dúró títí a fi jó èkíní tán, tó sì tutù.

Ọ̀rọ̀ irin tí a ó lò fa àríyànjiyàn. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n là ni ọ̀pọ̀ wa máa ń lò, torí kò wọ́n. Mo kọ̀ ọ́ fún àpótí yìí. Ohun tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Títẹ̀ rẹ̀ kì í tọ́ bọ̀rọ̀. Àwọn kan sì ní síńkì lára, èéfín rẹ̀ ń pa ẹni tó ń jó o lára. Irin pẹlẹbẹ tuntun géèjì 18 (bó ṣe nípọn tó nìyẹn) la rà, a ká a ní àpótí oníhò kan ṣoṣo láìsí ọ̀nà afẹ́fẹ́ gbígbóná nínú rẹ̀. Àwọn kan lè ní ìyẹn kì í ṣe ìtúnṣe gidi. Fún ọkọ̀ tí yóò máa rìn n'Íbàdàn, mi ò rí àǹfààní kankan nínú páìpù tí yóò máa gbé ooru wá bá èèyàn. Ohun tí mi ò gbà kí a fò ni nọ́ọ̀tì tí bólùtì máa wọ̀. A jó nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́ inú àpótí kí a tó pa á dé, a fi ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wọn ibi tí yóò wà. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, tó wá jó bọ́dì mọ́ ìsàlẹ̀ tààrà dípò bólùtì, ti ba iṣẹ́ jẹ́ fún ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú.

Gáàsì àti káábáìdì ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń lò. Ó lè ṣiṣẹ́ náà, bí a bá ní sùúrù. Irin fẹ́ẹ́rẹ́ kì í fẹ́ iná gígùn. Ẹ kàn án díẹ̀ níhìn-ín, ẹ lọ kàn án díẹ̀ ní ìkangun kejì, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó padà. A ti gbé táǹkì epo kúrò níwájú, a sì ti fa epo tó kù nínú páìpù tó gba inú irin àárín kọjá jáde, torí páìpù yẹn kò hàn sójú, òun ló sì ń gbé iná lọ bá àwọn tí kò rántí rẹ̀. Iyanrìn tútù wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní gbogbo ìgbà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí, mágínísíọ̀mù, irin fífúyẹ́ kan tó máa ń jó, ló pọ̀ jù lára irin àpótí rẹ̀. Bí ó bá gbiná, omi ń dá kún un ni. Nítorí èyí náà la ṣe pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, àtijọ́ àti èyí tó dà bíi pé ó dára, kí á tó dá epo padà sínú rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ parí, a fi ọ̀dà pupa kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó wuni. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọmọ bàbá pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní omi dúró sórí irin tuntun náà, lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ní ojú ibi tí àtijọ́ ti jẹ gan-an.

Ìpè yẹn ló yí iṣẹ́ náà padà, torí gbogbo wa, èmi àti àwọn tó ṣáájú mi, irin là ń wò. Ẹni tó fi gálífánáísì tẹ́ ẹ lọ́jọ́sí, irin ló wò. Kò sẹ́ni tó béèrè pé báwo ni omi ṣe dé inú ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ pé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì.

Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó dùbúlẹ̀ kó yí ojú sókè lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Èmi mú rọ́bà omi níta. Ìsàlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi yóò ṣàn dé ibi gbogbo, ẹ ò sì ní mọ èwo lèwo. A da omi sára ilẹ̀kùn: omi wọ inú rẹ̀, bó ṣe yẹ, àmọ́ kò jáde nísàlẹ̀. Wọ́n ti fi pọ́tì dí ihò tó yẹ kó gbà jáde. A fi wáyà ṣí i, omi dúdú tú jáde pẹ̀lú ewé. A lọ sí rọ́bà gíláàsì iwájú: lápá òsì nísàlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà pariwo látinú pé ó ń kán sí òun lójú. Rọ́bà ti gan, pẹ́ńtà kan sì ti fi ọ̀dà kùn ún mọ́ bọ́dì nígbà kan dípò kó yọ ọ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Níwájú gíláàsì, lókè bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú afẹ́fẹ́ tóóró wà tí ọkọ̀ fi ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé. Omi òjò ń gba ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Wọ́n fi àpótí kékeré kan sábẹ́ rẹ̀ tó ń gba omi, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń gbé e jáde sábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí mo da omi síbẹ̀, kò jáde nísàlẹ̀. Ó kún, ó kún, ó ṣàn kọjá etí àpótí sínú ọkọ̀. A tú rọ́bà náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti le: òdòdó máńgòrò tó ti jẹrà di ẹrẹ̀, ti ọdún lórí ọdún. Igi tí bàbá gbé ọkọ̀ sí lábẹ́ kí oòrùn má bàa bà á jẹ́ ni.

A fọ rọ́bà yẹn, a sì wá rọ́bà gíláàsì. Ní Àràrọ̀mí, ní Agodi Gate, a rí ohun tó pọ̀ fún ìjàpá, torí ọkọ̀ yìí pẹ́ lórí ilẹ̀ ayé. Ọjọ́ 30 oṣù keje 2003 ni wọ́n tó ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Puebla, ní Mẹ́síkò. Àmọ́ rọ́bà tó wà lọ́jà náà ti gan nínú ike rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ bàbá tó wà ní London ló fi tuntun ránṣẹ́. Okùn la fi wọ gíláàsì sí i: ẹ fi okùn sínú ojú rọ́bà yíká, ẹ gbé gíláàsì sí àyè, ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ níta, ẹnìkejì ń fa okùn nínú. Ìgbà tí a tún da omi, tọ́ọ̀ṣì kò rí nǹkan kan.

Bíréèkì, a tú gbogbo rẹ̀, torí ìjókòó pípẹ́ ti mú kí sílíńdà bíréèkì tó wà nídìí táyà gan. Ọ̀dà, àwọ̀ àtijọ́ náà ni bàbá fẹ́, kò sí àríyànjiyàn. Kílọ́ọ̀ṣì tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀sán kan ló gbà.

Fún àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí mo ń ṣe yàtọ̀ láti ìgbà náà ni pé bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tó dípẹtà wá bá mi, mi ò ní sọ iye owó kí n tó da omi sí i lára. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé mò ń ṣeré nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn omi ni mágínẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà sukudiráfà níbi tí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá ti lẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ onílé, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n gún ọkọ̀ rẹ̀ níhò. Iye tí mo bá sì sọ, mo máa ń pín in: ìsàlẹ̀ dá dúró, bọ́dì dá dúró, ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Onílé lè dúró níbi tó bá wù ú. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe jẹ́ kí onílé gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kí ìsàlẹ̀ tó parí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dáhùn kì í fẹ́ san owó fún ohun tí kápẹ́ẹ̀tì máa bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Méjì lára àwọn páìpù tí a fi de àyè ilẹ̀kùn, ó gbé wọn lọ, ó ní òun yóò tún lò wọ́n. Bàbá ti gbé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò, wọ́n ṣe ìbòrí páànù fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì; kí òjò ọdún kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ rẹ̀ máa ń da ife omi kan sí ojú afẹ́fẹ́ iwájú, á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó bóyá ó jáde nísàlẹ̀.